Òkun Tóbi Lóòótọ́, Àmọ́ Kì í Gbé Ẹ̀gbin Mì

Ẹ bu omi kún garawa kan, kẹ́ ẹ wá kán ẹ̀kán ìńkì kan ṣoṣo sí i. Ẹ máa rí i bó ṣe máa wọ́ lọ sísàlẹ̀ bí èéfín, táá rọra máa fẹ̀, títí ojú ò fi ní rí i mọ́. Ìńkì náà ò kúrò nínú garawa o, ó kàn fọ́n ká ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa gbà gbọ́ nípa òkun nìyẹn: pé kò sóhun tá a dà sí i tí kò ní fọ́n ká títí táá fi di òfo. Ó ṣe tán, òkun gba nǹkan bí ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ojú ayé, omi inú rẹ̀ sì tó ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo omi tó wà láyé. Kí ni ọ̀rá kan, tàbí àgbá epo kan, fẹ́ fi irú omi bẹ́ẹ̀ ṣe?

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ìbéèrè ọ̀dẹ̀. Àwọn tó kàwé gan-an náà ti fi tan ara wọn jẹ. Láti 1946 ni àwọn orílẹ̀-èdè kan ti ń ju àgbá tí ẹ̀gbin átọ́míìkì kún inú rẹ̀ sínú agbami, ó sì di 1993 kí àdéhùn àgbáyé tó fòfin dè é pátápátá. Èrò wọn ni pé omi á fọ́n ọn ká. Omi sì ń fọ́n nǹkan ká lóòótọ́. Ibi tọ́rọ̀ ti dojú rú ni pé omi nìkan kọ́ ló wà nínú òkun. Àwọn ohun abẹ̀mí wà níbẹ̀, ìṣàn omi wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ wà nísàlẹ̀, àwọn wọ̀nyí ló sì ń kó ohun tí omi ti fọ́n ká jọ padà. Láti ọ̀dọ̀ àwọn náà la sì ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí òkun ń fún wa.

Ohun tá à ń rí kó níbẹ̀

Iyọ̀ ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá se lítà omi òkun kan gbẹ nínú ìkòkò, nǹkan bíi gíráàmù 35 ló máa ṣẹ́kù, ó tó ṣíbí ìpotíì mẹ́fà. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni iyọ̀ ọbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe iyọ̀ létí òkun kì í fi í jẹ́ kí omi náà gbẹ tán. Wọ́n á ṣí omi sínú adágún tí kò jìn, oòrùn á máa fà á, iyọ̀ tó dáa á kọ́kọ́ dì, á sì rọ̀ sísàlẹ̀. Omi díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù lórí rẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ kúrò, torí magnesium inú rẹ̀ korò bí jogbo. Omi kíkorò yẹn náà ò ṣòfò: magnesium jẹ́ irin tó fúyẹ́ gan-an, àwọn ilé iṣẹ́ kan sì ti yọ ọ́ láti inú omi òkun rí.

Ẹja lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù. FAO, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tó ń mójú tó oúnjẹ, sọ pé ó lé ní bílíọ̀nù mẹ́ta èèyàn tó jẹ́ pé, nínú gbogbo purotéènì tí wọ́n ń rí lára ẹran, ó kéré tán ìdá kan nínú márùn-ún ló ń ti ara ẹja wá.

Àmọ́ orí ewé òkun ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń jẹ ẹ́ láìmọ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí áìsìkirìmù ki láìdi yìnyín gbagidi, tó ń jẹ́ kí ọṣẹ ìfọyín dúró lórí búrọ́ọ̀ṣì láìṣàn dànù, inú ewé òkun ni wọ́n sábà máa ń ti yọ ọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1882, àwọn tó ń bá dókítà Robert Koch ṣiṣẹ́ ní Jámánì ń wá ohun tí wọ́n lè máa gbin kòkòrò àìfojúrí sí lórí, kí wọ́n lè dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀. Jẹ́látììnì tí wọ́n ń lò máa ń yọ́ tí ooru bá ti mú. Fanny Hesse, ìyàwó ọ̀kan lára wọn, ló ní kí wọ́n gbìyànjú agar, ohun kan tó ń ti ara ewé òkun wá tóun máa ń lò nínú ilé ìdáná. Títí dòní, tí wọ́n bá gba ìtọ̀ yín ní yàrá àyẹ̀wò láti wá kòkòrò inú rẹ̀, orí agar yìí ni wọ́n sábà máa ń gbìn ín sí.

Oògùn náà wà níbẹ̀. Cytarabine, tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ láti 1969, ara kànìnkànìn kan nínú òkun Caribbean ni wọ́n ti rí ọgbọ́n rẹ̀. Ìgbín òkun kan sì wà tó máa ń ta ẹja lóró pa kó tó gbé e mì. Oró yẹn ni wọ́n wò ṣe ziconotide, oògùn ìrora líle tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2004. Ká má tíì sọ ti epo rọ̀bì, tí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá rẹ̀ ń wá láti abẹ́ òkun, tàbí ti ọkọ̀ ojú omi, tó ń kó èyí tó lé ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ọjà tí orílẹ̀-èdè ń tà fúnra wọn. Tẹ́ ẹ bá sì fi fóònù pe èèyàn yín lókè òkun, kì í ṣe ojú ọ̀run lohùn yín sábà máa ń gbà lọ bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Ìsàlẹ̀ òkun ló ń gbà dé òkè òkun, nínú wáyà tí kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ tún ṣe kí n tó kúrò níbí. Wọ́n máa ń sọ pé ìdajì ọ́síjìn tá à ń mí sínú, òkun ló ń fún wa. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kò gún régé. Àwọn ewéko wẹ́wẹ́ tójú ò lè rí, tó ń léfòó lójú omi, ló ń ṣe nǹkan bí ìdajì ọ́síjìn tó ń jáde láyé lọ́dọọdún. Àmọ́ àwọn ohun abẹ̀mí inú òkun fúnra wọn ló ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tá à ń mí níbí ti ń kóra jọ láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Torí náà, tí òkun bá ṣàìsàn lónìí, èémí wa ò ní tán lọ́la. Ẹja ló máa kọ́kọ́ rí i. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Àwọn ológbò tó ń jó

Minamata jẹ́ ìlú àwọn apẹja ní gúúsù Japan. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ológbò ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí ẹni ń jó. Wọ́n á máa gbọ̀n, wọ́n á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, òmíràn á sáré já sínú òkun, á sì kú síbẹ̀. Àwọn ẹyẹ ń já bọ́ lójú ọ̀run. Nígbà tó di 1956, wọ́n gbé ọmọdébìnrin kan wá sílé ìwòsàn: kò lè rìn dáadáa mọ́, ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé àbúrò rẹ̀ náà wá.

Ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ló ń da omi ìdọ̀tí tí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀ sínú òkun láti 1932. Mẹ́kúrì ni irin olómi tó ń dán bíi fàdákà, èyí tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo bí ara aláìsàn ṣe gbóná tó láyé ìgbà kan. Téèyàn bá bu omi etíkun yẹn wò, kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Àmọ́ ewéko wẹ́wẹ́ fa díẹ̀ mu. Edé jẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ewéko wẹ́wẹ́ yẹn, mẹ́kúrì gbogbo wọn sì dúró sí i lára, torí ara kì í tètè yọ ọ́ dànù. Ẹja kékeré jẹ edé yẹn lọ́pọ̀ yanturu, ẹja ńlá wá jẹ ẹja kékeré. Kó tó dé ara ẹja tó ń jẹ gbogbo wọn, mẹ́kúrì inú ẹran ara rẹ̀ lè ju ti inú omi tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù kan. Omi fọ́n ọn ká, ẹnu ń kó o jọ. Ológbò àti apẹja ló sì wà lókè pátápátá, torí àwọn ló ń jẹ ẹja lójoojúmọ́.

Èyí tó le jù lójú mi ni tàwọn ìyá kan tó jẹ́ pé kò sóhun tó ṣe wọ́n rárá, àmọ́ tí ọmọ tí wọ́n bí ní àìsàn náà. Mẹ́kúrì ti gba inú olóbi kọjá sára ọmọ. Ó lé ní 2,000 èèyàn tí ìjọba Japan fọwọ́ sí pé àìsàn yìí mú. Ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ náà tó ṣíwọ́, ọdún yẹn náà ni ìjọba tó là á mọ́lẹ̀ pé mẹ́kúrì rẹ̀ ló fà á. Ìyẹn ọdún méjìlá lẹ́yìn ọmọdébìnrin yẹn. Orúkọ Minamata ni wọ́n wá fi sọ àdéhùn àgbáyé lórí mẹ́kúrì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017.

Ìdí rèé tí dókítà fi máa ń ní kí aláboyún yẹra fún ekurá àtàwọn ẹja ńlá mìíràn tó ń jẹ ẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí kì í sì í dààmú lórí sadíìnì. Àwọn kan rò pé ẹja ńlá ló mọ́ jù torí pé agbami ló ń gbé. Òdìkejì rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ mẹ́kúrì tó ń wọ òkun lónìí kò tiẹ̀ gba inú páìpù mọ́: àwọn tó ń wa góòlù àti èéfín èédú tí ilé iṣẹ́ ń jó ló ń tú u sáfẹ́fẹ́, òjò á sì gbé e délé.

Pẹ́pẹ́yẹ nínú agbami

Ní January 1992, ìjì bá ọkọ̀ akẹ́rù kan láàárín òkun Pàsífíìkì, kọ̀ǹténà mélòó kan sì já bọ́ sómi. Ọ̀kan ṣí, nǹkan ìṣeré oníke tó tó nǹkan bí 28,000, irú èyí táwọn ọmọdé fi ń ṣeré nínú omi ìwẹ̀, tú síta: pẹ́pẹ́yẹ aláwọ̀ ìyeyè, ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ ewé, ìjàpá aláwọ̀ búlúù. Ní November ọdún yẹn ni àwọn àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Alaska. Curtis Ebbesmeyer, tó jẹ́ onímọ̀ nípa ìṣàn òkun, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa wọn. Ó rí i pé àwọn kan ò lọ síbì kankan: wọ́n ń yí po ní àríwá Pàsífíìkì ni, ìyípo kan ń gbà wọ́n ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta.

Bí omi òkun ṣe ń rìn nìyẹn. Afẹ́fẹ́ àti yíyí tí ayé ń yí ló ń tì í, tó fi ń lọ roboto bí omi tí wọ́n fi ṣíbí rò nínú ife. Márùn-ún irú agbo ńlá bẹ́ẹ̀ ló wà láyé, ohun tó bá sì ń léfòó nínú wọn á máa sún mọ́ àárín díẹ̀díẹ̀. Ní 1997, Charles Moore, atukọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan, wa ọkọ̀ rẹ̀ gba ọ̀kan kọjá, láàárín Hawaii àti California, ó sì ń rí ike lọ́jọ́ dé ọjọ́ níbi tí ilẹ̀ ti jìnnà réré.

Ibí yìí ni àṣìlóye pọ̀ sí jù. Wọ́n máa ń pè é ní erékùṣù ìdọ̀tí, àwọn èèyàn á wá máa wá fọ́tò rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á máa retí òkìtì téèyàn lè dúró lé. Kò síbì kankan tó rí bẹ́ẹ̀. Téèyàn bá dúró lórí ọkọ̀ níbẹ̀, ó lè má rí ju ike kan, òmíràn lọ́ọ̀ọ́kán. Ìgbà tó bá fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ wọ́ ojú omi ló máa tó mọ̀: àfọ́kù bíi hóró ìrẹsì, òmíràn bí iyanrìn, funfun, búlúù, lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwọn tó wọn ibẹ̀ tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018 sọ pé ó fẹ̀ tó mílíọ̀nù 1.6 kìlómítà níbùú lóròó. Tá a bá fi òṣùwọ̀n gbé e, nǹkan tó súnmọ́ ìdajì ìwúwo rẹ̀ ló jẹ́ àwọ̀n ìpẹja tó já dànù. Irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ kì í ṣíwọ́ iṣẹ́. Ẹja á há sí i, èyí tó wá jẹ ẹja tó há náà á tún há.

Ike kì í jẹrà bí ewé, fífọ́ ló ń fọ́. Oòrùn á mú kó gbẹ fúrúfúrú, ìgbì á sọ ọ́ di méjì, di mẹ́wàá, di ẹgbẹ̀rún, àmọ́ ike ṣì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìjàpá òkun rí ọ̀rá tó ń léfòó, ó dà bí ẹran omi tó máa ń jẹ, èyí tí ara rẹ̀ rí bíi jẹ́lì, ó gbé e mì. Ẹ má sì rò pé ìgò omi àti ọ̀rá nìkan ni. Ara táyà tó ń jẹ lójú títì wà níbẹ̀, fọ́nrán pọ́lísítà tó ń bọ́ lára aṣọ nígbà tá a bá ń fọ̀ ọ́ náà wà níbẹ̀. Odò lá gbé púpọ̀ nínú wọn dé òkun. Ní 2022, àwọn olùṣèwádìí ní Netherlands gbé e jáde pé àwọn rí ike wẹ́wẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn.

Ohun tó ń pani láìjẹ́ májèlé

Èyí ló máa ń ṣòro jù fáwọn èèyàn láti gbà. Ajílẹ̀ kì í ṣe májèlé, ńṣe ló ń mú kí nǹkan hù. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé kì í béèrè ohun tó máa mú hù. Òjò á fọ̀ ọ́ kúrò lóko, odò á gbé e dé òkun, àwọn ewéko wẹ́wẹ́ tá a sọ lókè yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, wọ́n á pọ̀ débi pé omi á di àwọ̀ ewé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á kú, wọ́n á rì sísàlẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí tó wà nísàlẹ̀ á ṣùrù bò wọ́n, á máa jẹ wọ́n, á sì máa fa ọ́síjìn bó ṣe ń jẹun. Omi odò fúyẹ́ ju omi iyọ̀ lọ, òun ló sì wà lókè bí ọmọrí ìkòkò, kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tuntun kàn sísàlẹ̀. Ẹja tó bá lè sá á sá. Akàn àtàwọn oníkarawun tí kò lè rìn jìnnà á kú síbẹ̀.

Ọdọọdún nìyí ń ṣẹlẹ̀ níbi tí odò Mississippi ti wọ òkun ní Amẹ́ríkà, tí ooru bá ti dé. Ní 2017, ibi tí ọ́síjìn ti tán níbẹ̀ fẹ̀ tó 22,720 kìlómítà níbùú lóròó. Ó lé ní 400 irú ibẹ̀ tí wọ́n ti kà káàkiri ayé. Ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí tí ìlú ńlá ń dà sómi láìtọ́jú náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ẹ wá wò ó: etíkun ni ẹja pọ̀ sí jù, etíkun náà sì ni odò ń da gbogbo ẹrù rẹ̀ sí. Tá a bá ń fi títóbi òkun yangàn, agbami là ń kà mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ agbami dà bí aṣálẹ̀, omi wà, oúnjẹ ò tó nǹkan.

Epo tó ń dà sómi ni gbogbo ayé máa ń pariwo lé, torí kámẹ́rà ń rí i. Nígbà tí Deepwater Horizon, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wa epo nínú òkun ní Amẹ́ríkà, gbiná ní April 2010, òṣìṣẹ́ mọ́kànlá kú, epo sì ń tú fún ọjọ́ 87 kí wọ́n tó rí i dí. Ẹyẹ tí epo bá bà lára, ìyẹ́ rẹ̀ ò ní lè dènà omi mọ́, òtútù ló sì sábà máa ń pa á. Àmọ́ epo tó ń kán lábẹ́ mọ́tò lójoojúmọ́, tí òjò ń fọ̀ wọ gọ́tà, náà ń dé òkun, kò sì sẹ́ni tó ń ya fọ́tò rẹ̀.

Ohun kan wà tó ń yòrò sínú òkun káàkiri bí ìńkì inú garawa, ìyẹn kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì, èéfín ohun tá à ń jó. Òkun ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ó sì ń bá wa dín ooru kù bó ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá ti kan omi, ásíìdì ló ń dà. Òkun ò tíì di ásíìdì o, bí àwọn kan ṣe ń kéde rẹ̀. Òṣùwọ̀n pH ni wọ́n fi ń mọ bí ásíìdì ṣe pọ̀ tó nínú omi; bí ásíìdì bá ṣe ń pọ̀ sí i ló ń sọ̀ kalẹ̀. Ti òkun kàn ti sọ̀ kalẹ̀ láti nǹkan bí 8.2 sí 8.1. Ó jọ pé kò tó nǹkan, àmọ́ bí wọ́n ṣe ṣe òṣùwọ̀n náà, ìyàtọ̀ kékeré yẹn túmọ̀ sí pé ásíìdì ti fi nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ní nǹkan bí ọdún 2007, àwọn tó ń sin ẹran omi oníkarawun ní etíkun Oregon àti Washington ní Amẹ́ríkà rí i pé ọmọ wẹ́wẹ́ wọn ń kú lọ bẹẹrẹ. Karawun wọn ò rójú dì nínú irú omi bẹ́ẹ̀.

Tá a bá wá jáwọ́ ńkọ́?

Ó kù sọ́wọ́ irú ohun tá a dà síbẹ̀. Ní Minamata, dídúró tí ilé iṣẹ́ dúró ò tó, torí mẹ́kúrì ti wọ inú ẹrẹ̀. Ní 1974, wọ́n ta àwọ̀n dínà ẹnu òkun ibẹ̀ kí ẹja inú rẹ̀ má bàa bọ́ síta. Wọ́n wa ẹrẹ̀ náà, wọ́n fi ilẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ó di 1997 kí wọ́n tó ká àwọ̀n náà.

Ti Òkun Dúdú, tí wọ́n ń pè ní Black Sea, láàárín Yúróòpù àti Éṣíà, yàtọ̀ sí i. Ní àwọn ọdún 1980, ajílẹ̀ tí odò Danube ń gbé wá ti sọ apá ibì kan níbẹ̀ di ibi tí kò lẹ́ja, tó fẹ̀ tó 40,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ́dún tó bá burú. Nígbà tí ìjọba Soviet wó ní 1991, ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ káàkiri agbègbè náà, kò sì sẹ́ni tó ń ra ajílẹ̀ fáwọn àgbẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi máa di 1996, ibi tí ọ́síjìn ti tán yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Kò sẹ́ni tó lọ fọ òkun. Owó ajílẹ̀ ló wọ́n.